Ọ̀kadà Kì í Ṣe Yúnífọ́ọ̀mù

Nígbà tí wọ́n bá ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ JSS1, gbólóhùn kan wà tí òbí kì í gbàgbé láti sọ fún télọ̀: "Ẹ bá wa rán an kó tóbi díẹ̀ o, ọmọ ṣì ń dàgbà." Télọ̀ á rẹ́rìn-ín, á fi ìka mẹ́rin kún gígùn ṣòkòtò, ọmọ á sì máa wọ́ ọ nílẹ̀ títí yóò fi dé JSS3. Èmi kò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Owó ṣọ̀wọ́n, aṣọ tó bá sì tóbi ju ọmọ lọ kò lè ṣe é ní nǹkan kan ju pé kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo fẹ́ bá àwọn òbí wa jà lé lórí ni pé èrò yìí gan-an ni wọ́n ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta alùpùpù nígbà tí ọmọ bá parí ìwé. Wọ́n á ní kí wọ́n gbé èyí tó tóbi wá, èyí tó lágbára, nítorí pé ọmọ ṣì ń dàgbà, kékeré á sì tètè sú u. Ọ̀kadà kì í ṣe yúnífọ́ọ̀mù. Ọmọ kì í dàgbà sínú rẹ̀. Ó ní láti lè kápá rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, láàárín tírélà àti ewúrẹ́.

Ẹ lọ dúró sí ẹnu irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan kí ẹ wò ó. Bàbá ló máa ń ṣáájú wọlé, ọmọ á wà lẹ́yìn. Gbogbo ìbéèrè tí bàbá ń bi ọlọ́jà, ìbéèrè ẹrù ni. Ṣé á lè gbé àpò ẹ̀gẹ́ méjì? Ṣé á lè gun òkè? Ṣé á lè gbé èèyàn mẹ́ta? Ọlọ́jà á ní, "Ẹ fọkàn yín balẹ̀, Bàbá, èyí kì í rẹ̀ ẹ́." Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé, "Jẹ́ kí ọmọ yìí jókòó lé e ná, ká wò ó bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀." Bẹ́ẹ̀ bàtà ilé-ìwé tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, a máa ń wọ̀ ọ́ wò, a máa ń rìn síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀, kí a tó sanwó.

Mo ń sọ ọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé wa. Ìṣẹ́yìn ni à ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin parí ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọdún 18 ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Oko bàbá wa jìnnà sí ìlú débi pé ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ ti lo ìdajì agbára rẹ̀ kó tó gbá ọkọ́ mú. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ìyá wa yóò jáde láìpẹ́, wọ́n sì ti pinnu pé alùpùpù ni wọ́n máa fi rà fún un. Bàbá mi ti fojú sí Boxer 150 kan. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì ga, ìrírí tó ní lórí alùpùpù kò ju ìgbà mélòó kan tó yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yípo pápá. Nígbà tí mo dá sí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kí n lọ jókòó, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Mo ti jókòó. Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti ń kọ èyí.

Kí n tó bá àwọn tó ń ra ńlá wí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn kan lóhùn, àwọn olùkọ́ àti àwọn ìyá tó ń sọ pé kí ọmọlúàbí má sún mọ́ alùpùpù rárá. Mo mọ ohun tó bí ọ̀rọ̀ wọn, àwọn náà ti gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Òkè-Ògùn kò wo ilẹ̀ tó ń gbé. Bọ́ọ̀sì wo ló ń lọ sí abà? Táksí wo ló máa gba ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ màlúù ti gbẹ́ kòtò sí nígbà òjò? Nọ́ọ̀sì, olùkọ́, alágbẹ̀dẹ, ẹni tó ń ta ẹyin, ẹni tó ń gbé aboyún lọ sí ibi ìgbẹ̀bí lóru, alùpùpù ni gbogbo wọn ń gùn. Orúkọ tí a fún un pàápàá fi hàn pé a ti gbà á sílé: ìró ẹnu rẹ̀ la fi pè é ní alùpùpù, àwọn ará ìgboro sì lọ yá orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan tó ń jẹ́ Okada Air fún un, nítorí pé ó ń fò kọjá níbi tí mọ́tò bá há sí. Ohun tó ti wọlé tó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé lé jáde pẹ̀lú ìwàásù. Bí a bá kàn ń pariwo "Má gùn ún!", ọmọ á gùn ún níkọ̀kọ̀, yóò gun èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ, láìsí àṣíborí, láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Nítorí náà, kí á rà á. Èwo ni kí á rà ni mo ń bá yín jà lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí alùpùpù jẹ́ gan-an. Mọ́tò ní táyà mẹ́rin, bí ẹni tó ń wà á bá tilẹ̀ ń sùn, kò ní ṣubú síhà kan. Alùpùpù kò lè dá dúró. Nígbà tó bá ń lọ, eré rẹ̀ ló gbé e dúró. Nígbà tó bá dúró, ẹsẹ̀ rẹ ni òpó rẹ̀. Boxer 150 wúwo ju 100 kìlógíráàmù lọ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó lé e, ká má tíì sọ epo àti ẹrù. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n gùn kì í mọ̀ pé ó wúwo, nítorí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń dì í mú kó má fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò mọ̀. Tó bá fẹ́ yà padà lójú ọ̀nà tóóró, tí ilẹ̀ sì rọ̀, ìka ẹsẹ̀ nìkan ló máa fi kan ilẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì dà á nù. Ọ̀pọ̀ ìṣubú àwọn ọmọ tuntun tí mo ti fojú rí, kì í ṣe lórí eré. Ibi ìdúró ni. Ẹ̀yin náà ẹ wo itan àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò yín, ẹ ó rí àpá sálẹ́ńsà tó jó wọn nígbà tí alùpùpù wó lé wọn lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọwọ́. Àwọn àgbà ọlọ́kadà ń sọ pé, "Fún un níná díẹ̀díẹ̀." Ọwọ́ ọ̀tún ló ń fa iná, ọwọ́ òsì ló ń tu kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ń yí jíà, ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí bíréèkì. Iṣẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀rù bá ba ọmọ tuntun, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣe ni pé á di ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀ mú pinpin, bí ẹni tó fẹ́ bọ́ sínú kànga. Ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ni iná. Lórí ẹ̀rọ kékeré, ìyẹn á mú kó fò síwájú díẹ̀, ọkàn rẹ̀ á já, a ó rẹ́rìn-ín. Lórí èyí tó lágbára, kó tó ronú tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti dé ara ògiri.

Olùkọ́ Físíìsì wa kọ́ wa pé bí eré ohun kan bá di ìlọ́po méjì, agbára tó wà nínú eré náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Mo mú bírò, mo ṣírò rẹ̀. Ká ní ọmọ tuntun ń tẹ bíréèkì débi pé eré rẹ̀ ń fi mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan dín kù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, èyí tó dára díẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lórí ọ̀dà tó gbẹ. Bó bá ń sá kìlómítà 30 ní wákàtí kan, yóò lo bíi mítà 7 kó tó dúró. Bó bá ń sá 60, bíi mítà 28 ni. Mi ò tíì ka ìṣẹ́jú àáyá kan tí ojú fi ti rí ewúrẹ́ ṣùgbọ́n tí ọwọ́ kò tíì dé bíréèkì: mítà 8 lórí eré 30, mítà 17 lórí eré 60. Ẹ rò ó pọ̀. Mítà 15 ni ti àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ má ju kíláàsì méjì tí a kọ́ mọ́ ara wọn lọ. Mítà 45 ni ti èkejì, ó sún mọ́ ìdajì pápá bọ́ọ̀lù. Ewúrẹ́ wo ló máa dúró dè yín títí ẹ ó fi lo ìdajì pápá bọ́ọ̀lù?

Ẹnìkan lè sọ pé alùpùpù kékeré náà lè sá eré 60. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì kékeré máa ń ké kó tó débẹ̀, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á jẹ́ kó o mọ̀ pé o ti ń ṣe àṣejù. Èyí tó tóbi á débẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni ń sùn, pàápàá lórí títì tó ń dán. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn ṣe, ọ̀dà tó dára ti wà níwájú ìlú wa. A dúpẹ́. Ọ̀nà náà kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé, "Ìgbà wo lo kọ́ ọ?"

Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n ra 150 fún. Ọjọ́ Sunday kan ṣoṣo ló fi kọ́ ọ. Ní ọjọ́ Ajé, ó ti ń gbé èèyàn. Kò tó oṣù kan tó fi bá ẹnu ọ̀nà kan pàdé níbi tí mọ́tò kan ti ń yà. Ó wà láàyè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì kò ṣe déédéé mọ́, ó lo ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, iṣẹ́ káfíńtà tó ń kọ́ sì ti dúró síbẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ti tú ọ̀kadà náà tà ní páàtì páàtì, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ ṣì ń san gbèsè rẹ̀. Mo máa ń rí bàbá náà tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ san án.

Àwọn tó ń ra ńlá ní àwíjàre, mo sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ nílé wa. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni pé kékeré kò ní pẹ́ sú ọmọ. Kó sú u! Ọjọ́ tó bá sú u ni ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, kí wọ́n wá tà á nígbà náà kí wọ́n fi owó lé owó. Alùpùpù kékeré tí a tọ́jú kì í wọ́n ẹni tó máa rà á, ọmọ tuntun mìíràn ń bọ̀ lọ́nà. Àwọn baba wa ló sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Owó lè ra ẹ̀rọ ńlá lọ́jọ́ kan. Kò lè ra ọdún méjì tí ojú àti ọwọ́ fi ń mọ ọ̀nà.

Ẹ wo Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹbí wa ń gbé. Níbẹ̀, ọmọ ọdún 16 kò lè gùn ju 50cc lọ lójú títì. Ọdún 17 ló tó lè gun 125cc, ọdún 19 ló tó lè bọ́ sórí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn náà sì ní ìwọ̀n agbára tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ fò lọ tààrà sórí èyí tó wù ú, ó di ọdún 24. Láti ọdún 1990 ni wọ́n sì ti sọ ọ́ di dandan pé kí olùkọ́ni kan kọ́kọ́ mú ọmọ tuntun lọ sí gbàgede, kó kọ́ ọ, kó tó dá a sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Ìyẹn ni pé ẹ̀gbọ́n mi, tó bá jẹ́ pé ọ̀hún ló wà, kò lè gun Boxer 150 lójú títì, bó ti wù kí bàbá wa lówó tó. Ẹ sì rántí pé ọ̀nà tiwọn kò ní kòtò tó tiwa. A ò ní irú àkàbà bẹ́ẹ̀ níbí. Nítorí náà òbí ló kù tó lè ṣe òfin náà nínú ilé.

Àwíjàre kejì wúwo ju ìyẹn lọ, mi ò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un: owó. Bàbá mi ní alùpùpù tí kò bá lè gbé èèyàn, ẹnu ni yóò máa jẹ. Lọ́pọ̀ ilé, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kí ọmọ ní ohun ìrìnnà. Iṣẹ́ ni wọ́n ń rà fún un. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ olówó, wọ́n á máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tó bá sì kù díẹ̀ kí owó pé, ẹni tó ni í á tún wá gbà á padà nítorí ọ̀sẹ̀ méjì tí wọn kò rí san. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ẹ̀yin ìyá. Ṣé ẹ ó gun ẹ̀yìn ọmọ tó kọ́ ọ̀kadà lánàá, pẹ̀lú ọmọ pọ̀nmọ́ lẹ́yìn yín? Bí ẹ ò bá ní gùn ún, ta ni ẹ fẹ́ kó gbé? Èèyàn tó wà lẹ́yìn máa ń mú kí ẹ̀rọ wúwo sí i, ó máa ń mú kó pẹ́ kó tó dúró, ó sì máa ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún ní kọ́nà. Àgbà ọlọ́kadà mọ bí a ṣe ń gbà á. Gbèsè ọ̀sẹ̀ kì í jẹ́ kí ọmọ tuntun sọ fún ẹni kẹta pé, "Ẹ má bínú, ẹ ti pọ̀." Kí ó fi oṣù mẹ́fà gbé ara rẹ̀ àti irin iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Owó tí kò pa nínú oṣù mẹ́fà náà kò tó owó eegun ẹsẹ̀ kan.

Àwọn kan tún ń sọ nípa Èkó, pé ibẹ̀ ni ọmọ máa bá dé níkẹyìn, pé níbẹ̀ èyí tó bá tó 200cc nìkan ni ìjọba ń kà sí. Lóòótọ́, òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2012 lé ọ̀kadà kúrò lórí ọ̀pọ̀ títì ńlá, ó sì yọ alùpùpù tó tó 200cc tí àwọn tó ń gbé lẹ́tà àti ẹrù kiri ń gùn sílẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n tún fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, títí kan Ìkẹjà àti Súrùlérè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ akẹ́rù ni òfin yẹn ń tò, kì í ṣe pé ó ń gba ọmọ tuntun nímọ̀ràn. Bí ẹ bá tilẹ̀ mọ̀ pé ọmọ yín máa bá wọn gbé ẹrù ní Èkó lọ́dún mẹ́ta òní, ìdí sí i nìyẹn tó fi yẹ kó ti kọ́ ọ dáadáa kó tó débẹ̀.

Wọ́n tún ní kékeré jẹ́ ti obìnrin. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí pé inú ilé tí wọ́n ti ń sọ ọ́, Honda 70 ìyá mi ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òṣìṣẹ́ ìlera ni ìyá mi. Láti ìgbà tí mi ò tíì mọ ìwé kà ni wọ́n ti ń gbé kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára sẹ́yìn ẹ̀rọ yẹn lọ sí àwọn abà. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rárá, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń yí jíà. Ó rọ̀ sílẹ̀ níwájú débi pé ẹni tó ró ìró lè gùn ún láìgbé ẹsẹ̀ ga. Bó bá wó, ìyá mi nìkan ló ń gbé e dìde. Ìdílé ẹ̀rọ kan náà ni Honda ti ń ṣe láti ọdún 1958, èyí tí wọ́n ń pè ní Super Cub. Nígbà tó máa fi di ọdún 2017, wọ́n ti ṣe ju 100 mílíọ̀nù lọ. Kò sí alùpùpù mìíràn láyé tí wọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo àwọn tó rà á bá jẹ́ obìnrin, á jẹ́ pé àwọn obìnrin gbọ́n.

Kí wá ni kí á rà? Mi ò ní kí gbogbo ènìyàn lọ wá Honda 70, àwọn tó kù nílùú ti gbó, páàtì rẹ̀ sì ti ń ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀rọ tó wà láàárín 70cc sí 110cc ló yẹ ọmọ tuntun. Ẹ ó rí i pé Boxer 100 wà nínú èyí tí mo gbà. Kì í ṣe orúkọ Boxer ni mò ń bá jà. Ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í mu epo púpọ̀, kò sì sí abúlé tí mẹkáníìkì rẹ̀ kò sí. Ohun ńlá ni kí páàtì wà nítòsí, nítorí pé ọmọ tí kò bá rí bíréèkì ṣúù rà á máa gùn ún láìsí bíréèkì. Ti 150 yẹn ni mo ní kó dúró díẹ̀. Ní ti àwọn ayé-àtijọ́ tí wọ́n ń po epo mọ́ ọ́ìlì, tó ń rú èéfín bí ilé alágbẹ̀dẹ, owó wọn kéré lóòótọ́, àmọ́ wọ́n máa ń kú lójijì lójú ọ̀nà, èmi kò ní gbà á fún ẹni tí kò tíì mọ ohun tí yóò ṣe nígbà náà.

Kí ọmọ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Kó jókòó lé e, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kì í ṣe ìka ẹsẹ̀. Kó pa ẹ́ńjìnnì, kó tì í gun ibi tó ga díẹ̀. Kó gbé e sórí sítáǹdì àárín láìsí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ lórí koríko, kó gbé e dìde. Ọlọ́jà lè bínú, kó bínú. Bí ọmọ kò bá lè ṣe ọ̀kan nínú wọn, kí wọ́n bọ́ sórí èyí tó kéré sí i. Bó bá jẹ́ àlòkù ni, kí wọ́n mú mẹkáníìkì tí wọ́n mọ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe èyí tí ọlọ́jà pè. Kó wo ṣéènì bóyá ó ti dẹ̀, kó wo táyà bóyá ó ti dán, kó wo èéfín bóyá ó ń rú búlúù, kó yí họ́ńdù síhìn-ín sọ́hùn-ún bóyá nǹkan ń dí i. Kí wọ́n sì fi nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì wé ti inú ìwé. Alùpùpù olówó pọ́ọ́kú tí nọ́ńbà rẹ̀ ti di fífá, àgọ́ ọlọ́pàá ló ń gbéni lọ.

Owó tó bá kù láàárín 100 àti 150, mo mọ ohun tó yẹ kí wọ́n fi ṣe. Ẹ̀yin òbí á rántí oṣù Kìíní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní dandan ni kí ọlọ́kadà àti ẹni tó gbé máa dé àṣíborí. Wọ́n ní àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé agolo ọ̀dà àti abọ́ ike, wọ́n fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n kí ẹ̀ṣọ́ má baà mú wọn. Gbogbo ayé fi wá rẹ́rìn-ín. Igbá ti lọ, ṣùgbọ́n èrò igbá ṣì wà: ìwọ̀nba owó tó máa kẹ́yìn ni wọ́n fi ń ra àṣíborí, èyí tó fẹ́lẹ́ bí ìgò omi, kí ẹ̀ṣọ́ sáà ti rí nǹkan lórí. Àwọn onímọ̀ tó kó ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ rí i pé àṣíborí ń dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní nǹkan bí ìdá 69. Èyí tó nípọn, tó há díẹ̀, tó ní okùn tó ń dì, ni wọ́n ń sọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ ra ìyẹn. Kí wọ́n ra bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, nítorí sílípáàsì kì í ṣe bàtà ẹni tó ń yí jíà. Kí wọ́n gba ìwé àṣẹ ní ọ̀nà tó tọ́, kì í ṣe èyí tí ẹnìkan bá wọn gbà tí ọmọ kò tilẹ̀ fojú kan ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wo iye tó kù, kí wọ́n tó wá béèrè iye alùpùpù.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tó máa kọ́ ọmọ. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí kò bá ṣubú kò lè mọ̀ ọ́n gùn, bí ẹni pé ìṣubú ni olùkọ́. Ìṣubú kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní bíréèkì. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà wa kì í fọwọ́ kan bíréèkì iwájú rárá, wọ́n ní ó ń dáni sínú. Bẹ́ẹ̀ bí alùpùpù bá ń dúró, iwájú ni gbogbo ẹrù ń rọ́ sí, bíréèkì iwájú ló sì lágbára jù láti dá a dúró. Ẹni tó bá fún un díẹ̀díẹ̀, tó sì tẹ ti ẹ̀yìn mọ́ ọn, kò ní ṣubú. Ẹni tó bá já a gbà lójijì lórí iyanrìn ló ń ṣubú. Èyí kì í ṣe ohun tí èèyàn lè mọ̀ láàárín ọjọ́ Sunday kan. Ó fẹ́ ibi tó gbòòrò, tí kò sí mọ́tò, ó sì fẹ́ àgbà kan tó ní sùúrù.

Àwọn àgbà náà wà. Àwọn ọlọ́kadà tó ti fi ogún ọdún gùn ún tí wọn kò dá èèyàn lẹ́sẹ̀ rí jókòó sí abẹ́ igi níwájú ilé-ìwé wa, wọ́n ń dúró de èrò lójoojúmọ́. Ibi tó gbòòrò náà wà. Pápá ilé-ìwé wa ṣófo láti ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ewúrẹ́ nìkan ló ń jẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ bá lè dá owó jọ fún ayẹyẹ ìparí ọdún, wọ́n lè fún àgbà méjì lówó oúnjẹ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí àwọn tó ti parí ìwé wá máa kọ́ ọ láàárín òpó gólù méjèèjì. Kọ́kọ́rọ́ géètì náà wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé.